Ijó Tí Ẹni Tó Ń Jó O Kò Pè: Wáyà Inú Ọpọlọ àti Àrùn Huntington

Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Ìlú Ọba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀. Bàbá kan jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Wọ́n na ẹ̀rọ kékeré kan sí i, ó tẹ bọ́tìnì, ọwọ́ náà sì dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé omi mu, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn fídíò yẹn ni ohùn àbúrò mi wọlé: "Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé wọn ò lè ṣe irú ẹ̀ fún màmá tí mò ń tọ́jú ni? Huntington ló ń ṣe wọ́n. Wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo ara wọn ló ń jó."

Mo ní kó fún mi láyè ọjọ́ méjì. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ohun tí àwọn dókítà kọ, kí n sì sọ ọ́ lọ́nà tí ará ilé á fi gbọ́ ọ. Ìdáhùn tí mo bá padà wá gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ tán lórí fóònù lọ, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ní ìbéèrè yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Ìlú Ọba kò kéré. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Huntington, nítorí pé àrùn náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó ju bó ṣe wà láàárín wa lọ.

Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe bàbá inú rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe màmá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni ti bàbá yẹn, irú èyí tó máa ń bá àrùn Parkinson rìn, tàbí irú gbígbọ̀n tó máa ń dá wá fúnra rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n kì sínú ọpọlọ bàbá náà, tó ń gbé iná mànàmáná díẹ̀ síbẹ̀, ló mú ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tó tẹ bọ́tìnì. Wáyà kan náà ni wọ́n lè kì bọ orí àwọn méjèèjì. Ohun tí wáyà náà máa bá níbẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ní 1872, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà, George Huntington, tẹ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan jáde nípa àrùn náà. Kò ju ẹni ọdún 22 lọ. Ohun tó jẹ́ kó rí ohun tó fara pamọ́ fún àwọn àgbà iṣẹ́ ni pé bàbá rẹ̀ àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ti ṣe dókítà ní East Hampton, ní Long Island, kó tó dé orí rẹ̀. Ìran mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ìdílé kan náà, wọ́n sì rí bí ohun tó ṣe bàbá ṣe ń padà wá ṣe ọmọ, kó tún wá ṣe ọmọ-ọmọ. Nígbà tó dàgbà, Huntington ní òun kò gbàgbé ọjọ́ kan tí òun bá bàbá òun jáde nígbà tí òun wà ní kékeré, tí àwọn pàdé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ga, wọ́n rù kan egungun, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń lọ́ ara, wọ́n ń fajú ro. Ẹ̀rù ba ọmọdé náà.

Kòríà ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe lílọ́ ara yẹn, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ijó. Kì í ṣe wárápá: ẹni náà kì í dákú, ó mọ ibi tó wà. Kì í sì í ṣe gbígbọ̀n tó ń lọ síwá sẹ́yìn lọ́nà kan náà bíi ti bàbá inú fídíò. Èjìká á dédé sọ sókè, ìka á ta, ojú á ṣẹ́, orúnkún á yẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó kàn. Tí oorun bá gbé ẹni náà lọ, ijó náà á rọlẹ̀.

Àmọ́ ijó nìkan kọ́, ibí yìí gan-an ni fídíò ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Huntington ń jẹ ara, ó ń jẹ ọpọlọ, ó sì ń jẹ ìwà. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń ṣètò ìnáwó gbogbo ẹbí tẹ́lẹ̀ kò ní lè to nǹkan méjì tẹ̀ léra wọn mọ́. Ẹni tútù á di oníbìínú. Ẹlòmíì á kàn jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan kan kò ní wù ú ṣe. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì máa ń ronú àtipa ara wọn. Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́nu, oúnjẹ á máa ha sí ọ̀nà ọ̀fun, ara á máa rù bó ti wù kí wọ́n jẹun tó. Láàárín ọdún 30 sí 50 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó gbé ẹni náà lọ.

Ibo ló ti wá? Ẹ rántí pé nínú sẹ́ẹ̀lì ara kọ̀ọ̀kan ni ìwé kan wà tí a jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Lórí kromosóòmù kẹrin, tó dà bí orí kẹrin nínú ìwé yẹn, ibì kan wà tó dà bíi pé akọ̀wé ń kólòlò, tó ń kọ lẹ́tà mẹ́ta kan náà léraléra: CAG, CAG, CAG, CAG. Gbogbo wa la ní ìkólòlò yìí. Tí kò bá ju ìgbà 26 lọ, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá ní 27 sí 35 kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ìkólòlò náà lè gùn sí i lára ọmọ rẹ̀. Láti 36 sí 39, àrùn lè dé, ó sì lè má dé. Tó bá ti tó 40, ó dájú pé yóò dé, bí ẹni náà bá ti pẹ́ láyé tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju 60 lọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọdún 1993 ni wọ́n rí jíìnì náà gan-an, ìyẹn apá ìwé tí ìkólòlò yìí wà.

Àwa tí wọ́n ti ń bi ní genotype kí wọ́n tó bi wá ní orúkọ bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS dáadáa. Kí ọmọ tó lè jẹ́ SS, bàbá gbọ́dọ̀ fún un, ìyá náà gbọ́dọ̀ fún un. Ti Huntington kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí náà bá bí, ìdajì ni ewu rẹ̀: ó lè jogún rẹ̀, ó lè bọ́. Ìyẹn ò wá sọ pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, méjì péré ló máa mú un. Gbogbo wọn lè mú un, gbogbo wọn sì lè bọ́. Ọmọ tí kò bá jogún rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó máa gbé fún ọmọ tirẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni àkókò. Ẹni tó jẹ́ AS lè mọ̀ kó tó lọ mọ àna. Huntington kì í sábà fi ojú hàn títí èèyàn á fi bímọ tán, tí ó bá sì fi ojú hàn, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa wo ojú wọn.

Ní etí adágún Maracaibo ní Venezuela, àwọn abúlé apẹja kan wà tí àrùn yìí pọ̀ sí ju ibikíbi lọ láyé. El mal ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ni pé aburú. Láti 1979 ni Nancy Wexler, ọmọ Amẹ́ríkà tí Huntington pa ìyá rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń kọ ẹni tó bí ẹni sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn apẹja wọ̀nyí ló ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n fi mọ̀ ní 1983 pé kromosóòmù kẹrin ni kí wọ́n ti wá jíìnì náà. Ní 2020, Wexler jẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun náà ti jogún rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbí, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Àìsàn kan wà tó jọ Huntington bí ìbejì: ijó ni, ìrònú tó ń wọ́ ni, ìwà tó ń yí padà ni. HDL2 ni wọ́n ń pè é. Jíìnì mìíràn ló ń fà á, JPH3, lórí kromosóòmù 16, ọdún 2001 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lára àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Nítorí náà, bí ọmọ Áfíríkà bá ní gbogbo àmì yìí, tí àyẹ̀wò Huntington sì sọ pé kò sí nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ayé. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọpọlọ.

Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, jìnnà sí agbárí, ibì kan wà tó dà bí ẹnu géètì ilé ńlá. Mẹ́gádì kan wà níbẹ̀; GPi ni àwọn dókítà ń pè é. Títi géètì ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ara lè ṣe ló wà níta tí ń kan géètì: kí ọwọ́ nà, kí ẹsẹ̀ ta, kí ojú ṣẹ́, kí ahọ́n yọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú ife omi, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ilé, ní apá tí wọ́n ń pè ní striatum, á ránṣẹ́ sí mẹ́gádì pé, "Jẹ́ kí eléyìí wọlé." Àwọn mìíràn nínú striatum yẹn náà, tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ránṣẹ́, á máa kìlọ̀ fún un pé, "Àwọn yòókù, má ṣí fún wọn o." Báyìí ni ọwọ́ ṣe ń lọ tààrà sí ibi ife, tí èjìká àti ẹsẹ̀ sì jókòó sí àyè wọn.

Inú striatum yìí ni Huntington ti ń ṣọṣẹ́ jù. Àwọn tó sì máa ń kọ́kọ́ pa ni àwọn tó ń sọ pé "má ṣí". Mẹ́gádì kò wá gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára géètì, ẹni tí a pè àti ẹni tí a kò pè ń wọlé. Ijó dé nìyẹn. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń sọ pé "ṣí i" náà á kú tẹ̀ lé wọn. Nígbà náà ni géètì á wá tì pa: ara á le, ìrìn á wọ́, ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ti ń jó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn á wá dà bí igi. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Oògùn wà fún ijó náà. Tetrabenazine ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún un ní Amẹ́ríkà, ní 2008. Deutetrabenazine tẹ̀ lé e ní 2017, valbenazine ní 2023. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dín dopamine kù, èròjà kan tó máa ń gbìyànjú láti ṣí géètì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀ tàbí kí wọ́n mú un le sí i, lára ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan sì wà tí oògùn kò ràn rárá, tí ijó wọn le débi pé wọ́n ń jábọ́ lórí ibùsùn, tí awọ ara wọn ń bó níbi tó ti ń ha àga. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wáyà ṣe wọlé.

Bí wáyà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ mi. Láyé àtijọ́, tí ọwọ́ ẹnì kan bá ń gbọ̀n tí oògùn kò ràn án, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń jó ibi kékeré kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọ́n tó jó o, wọ́n á kọ́kọ́ rán iná mànàmáná díẹ̀ gba ẹnu abẹ́rẹ́ náà kọjá, láti mọ̀ bóyá ibi tó yẹ ni wọ́n wà. Ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1987, Alim-Louis Benabid ṣàkíyèsí pé tí iná yẹn bá ń yára ta, bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbígbọ̀n náà máa ń dúró fúnra rẹ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, kí la tún ń jó ọpọlọ fún? Òun àti Pierre Pollak fi wáyà sílẹ̀ síbẹ̀ dípò kí wọ́n jó o. Ibi tí a bá jó kò ní àtúnṣe. Iná, ẹ lè dín in kù, ẹ lè pa á. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún gbígbọ̀n ọwọ́ ní 1997, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún àwọn àmì Parkinson yòókù ní 2002. Àwọn tí wáyà yìí wà lórí wọn kárí ayé ti ju 100,000 lọ báyìí, àwọn tó ní Parkinson ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe pé wọ́n ń ṣí gbogbo orí sílẹ̀ o. Wọ́n á de férémù irin mọ́ agbárí kí orí má baà mì, wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n á sì wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà kí ó má baà kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ihò kékeré kan ní apá ọ̀tún, òmíràn ní apá òsì. Wáyà kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n á gba abẹ́ awọ ẹ̀yìn etí fa okùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn, títí dé àyà lábẹ́ egungun èjìká, níbi tí bátìrì máa jókòó sí, bí ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ran ọkàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Parkinson ni wọ́n ń ṣe é fún lójú ayé wọn, tí dókítà ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Ẹni tí Huntington ń mú jó kò lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fún un ní oògùn oorun.

Iṣẹ́ kò parí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ojú abẹ bá san ni wọ́n á tan ẹ̀rọ náà, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe: kí iná le díẹ̀, kó rọ̀ díẹ̀, kó yára, kó falẹ̀. Ìpàdé kan lẹ́yìn òmíràn ni, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bátìrì tí kò ṣeé gba iná sí máa ń lo bí ọdún 3 sí 5, lẹ́yìn èyí wọ́n á tún la àyà díẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi kan wà tó rú mi lójú nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kà nípa rẹ̀, bóyá ó rú ẹ̀yin náà lójú. Ní Parkinson, mẹ́gádì ń ti géètì jù, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi ń le tí ìrìn wọn fi ń wọ́. Ní Huntington, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ jù. Báwo ni wáyà kan náà, tí wọ́n kì sí ibi kan náà, ṣe lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbà báyìí ni pé kì í ṣe bí ohùn mẹ́gádì ṣe ròkè tó nìkan ni wàhálà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe di wúruwùru ni. Ẹ fojú inú wo òde àríyá tí onílù kan ti mutí yó, tó ń ṣe bó ṣe wù ú: àwọn oníjó á máa ṣe ségesège. Wáyà náà dà bí agogo tí ẹnì kan ń lù gan-gan-gan láìyẹ̀, ìgbà 130 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sọ onílù yẹn di ọlọ́pọlọ pípé, kò sì kọ́ ọ ní ìlù tuntun. Ó kàn bo wúruwùru rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí àwọn tó kù nínú ọpọlọ lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ó wá tó àkókò ká bi í pé, kí ló ti ṣe fún Huntington?

Ní 2004, àwọn dókítà ní Toronto, ní Kánádà, kọ nípa aláìsàn kan tí wọ́n kì wáyà sí GPi rẹ̀ lápá méjèèjì. Ijó náà dín kù. Wọ́n dán iná wò ní ìgbà 130 àti ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn méjèèjì sì mú ijó rọlẹ̀, àmọ́ 130 mú kí ara ẹni náà túbọ̀ máa falẹ̀. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ mẹ́gádì ṣe ń padà wá: tí ẹ bá fún ọwọ́ rẹ̀ lágbára jù, ó máa ti géètì mọ́ ẹni tí ẹ pè náà.

Ní 2014, àwọn dókítà ní Montpellier, ní ilẹ̀ Faransé, ròyìn àwọn méje tí wọ́n ti ṣe é fún, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé fún ọdún bíi mélòó kan. Ijó wọn dín ju ìdajì lọ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rí kòríà tó le rí yóò mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ ni ìyẹn: ẹni tó ń jábọ́ lórí àga lè wá jókòó, a lè fi síbí oúnjẹ sí i lẹ́nu láìsí ìjàkadì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo ìṣísẹ̀ ara pa pọ̀, èrè náà kò hàn tó bẹ́ẹ̀, torí pé bí ijó ti ń lọ sílẹ̀ ni líle àti fífalẹ̀ ara ń gòkè. Àrùn náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ní Düsseldorf, ní Jámánì, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn mẹ́fà, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ìwádìí tó tóbi jù dìde, tó kan ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ wù mí: gbogbo wọn ni wọ́n kì wáyà sí lórí, ṣùgbọ́n bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n tan ẹ̀rọ wọn àti àwọn tí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ ní pípa fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, aláìsàn kò sì mọ èwo ni tòun. Kí nìdí irú wàhálà báyìí? Nítorí pé ìrètí fúnra rẹ̀ oògùn ni. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lórí á ti máa retí àyípadà, àwọn ará ilé á ti máa rí i kó tó dé. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro fídíò orí WhatsApp: kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tí wọ́n pa ẹ̀rọ tirẹ̀ láìsọ fún un.

Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí wáyà yìí fún Huntington. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, nínú ìwádìí ni, tàbí fún ẹni tí gbogbo oògùn ti kọ̀. Àwọn dókítà á wò ó bóyá ijó gan-an ló ń dà á láàmú jù, bóyá ìrònú rẹ̀ ṣì já gaara, bóyá kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì tó le, bóyá ó ní ẹni tó máa gbé e lọ gbé e bọ̀ fún títún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ ti le ju bó ṣe ń jó lọ kò ní rí èrè kan níbẹ̀, wọ́n kàn máa dá kún líle ara rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń lọ, torí iṣẹ́ abẹ lè mú ìyẹn yára sí i.

Ewu ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọpọlọ. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ó lè rọ apá àti ẹsẹ̀, ó lè pa èèyàn. Kòkòrò lè wọ ojú abẹ, kí wọ́n ní láti yọ gbogbo rẹ̀. Wáyà lè já, ó lè yẹ̀ kúrò ní àyè, pàápàá lára ẹni tó ń ṣubú lemọ́lemọ́. Iná náà lè mú kí ọ̀rọ̀ wọ́ lẹ́nu sí i. Owó rẹ̀ ń kọ́? Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là kì í sábà tó o, kí a tó sọ ti bátìrì.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: wáyà náà kò dé ibi tí àrùn ń gbé. Ẹ̀dá èròjà tí jíìnì tó ń kólòlò yẹn ń mú jáde ṣì ń pa sẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́, bóyá ẹ̀rọ wà ní títàn tàbí ní pípa. Mẹ́gádì la dì lọ́wọ́ mú. Àwọn tó ń ránṣẹ́ sí i ṣì ń kú.

Àwọn kan ń wá bí wọ́n ṣe máa dé ìdí rẹ̀. Oògùn kan, tominersen, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún èèyàn gba ẹ̀yìn, wù wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ Roche dá ìwádìí ńlá rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé iṣẹ́ uniQure kéde pé AMT-130, ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń dà sínú striatum fúnra rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, mú kí àrùn náà falẹ̀ lára àwọn tó gba èyí tó pọ̀ jù, nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀. Èmi ti ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ púpọ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í kúrò nílẹ̀ mọ́, àmọ́ tèyí jẹ́ kí n jókòó dáadáa kà á. Iṣẹ́ tí èyí ń gbìyànjú láti ṣe yàtọ̀ sí ti wáyà pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀ torí pé iṣẹ́ abẹ orí ni méjèèjì.

Mo pe àbúrò mi padà lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti dán oògùn ijó wò fún màmá, kó sì máa kọ iye ìgbà tí wọ́n ṣubú àti bí wọ́n ṣe ń jẹun sí sílẹ̀, torí ìyẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò fìgbà kan rí ráhùn nípa ijó yẹn? Mo bi wọ́n léèrè lónìí. Wọ́n ní ijó wo?"

Mo sọ fún un pé ó wọ́pọ̀, pé àrùn náà lè mú kí ẹni tó ń jó má mọ̀ pé òun ń jó.

"Nǹkan tó ń bí wọn nínú," ó ní, "ni pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àwa á ti dìde kó tó délẹ̀."